Ìdílé Tó Fi Abẹ́ Ilẹ̀ Ṣe Ilé Nígbà Ogun

Tí wọ́n bá dárúkọ Ogun Àgbáyé Kejì, ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé ìjọba Hitler pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 Júù. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn kan yè é, ó sì yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe yè é.

Ní abúlé Korolówka, tó wà ní ilẹ̀ Ukraine lónìí, ìyá kan wà tó ń jẹ́ Esther Stermer. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn Júù lọ pa ní 1942, ìyá yìí kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní rí ọmọ òun kó. Ní oṣù Kẹwàá, òun, ìdílé rẹ̀ àtàwọn mọ̀lẹ́bí sá wọ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan, Verteba. Nígbà tí àṣírí ibẹ̀ tú, àwọn tó bọ́ wá ihò mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún 1943, àwọn 38 wọ ibi tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ihò Àlùfáà. Àgbàlagbà tó ti lé ní 70 ọdún wà níbẹ̀, ọmọ kékeré náà wà níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń mu? Omi wà nínú ihò náà. Wọ́n ní ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Wọn kì í tan iná pẹ́ kí epo má bàa tán, wọ́n sì máa ń sùn tó wákàtí 22 lójúmọ́ kí ebi má bàa pa wọ́n jù. Nígbà kan àwọn èèyàn fi erùpẹ̀ dí ẹnu ihò mọ́ wọn lórí. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà mìíràn jáde.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń jáde lóru lọ wá ọ̀dùnkún, ìyẹ̀fun àti igi ìdáná. Ẹni tó bá jáde lè sá lọ ní tiẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì tẹ ẹnì kan, gbogbo wọn lè kú. Síbẹ̀, wọ́n ń padà wálé, torí ìyá wọn àtàwọn àbúrò wọn ń dúró nínú òkùnkùn. Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹ ni.

Ní oṣù Kẹrin 1944, ọ̀rẹ́ wọn kan ju ìgò sínú ihò náà. Ìwé wà nínú rẹ̀ pé àwọn ará Jámánì ti lọ. Àwọn 38 náà ló jáde láàyè. Ọmọbìnrin kékeré kan ti gbàgbé oòrùn pátápátá: ó ní kí ìyá òun pa àbẹ́là tó mọ́lẹ̀ jù yẹn.

Lẹ́yìn ogun, ìdílé Stermer kó lọ sí Kánádà.