Màmá Kò Dití: Ohun Tí A Rí Nídìí Hóòmù Tíátà Wa

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Fún bí oṣù mẹ́ta, gbogbo wa nínú ilé ló gbà pé etí Màmá ti ń di. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tíṣà sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí a bá ti fi fíìmù sí i ní alẹ́ Sátidé, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi béèrè pé, “Kí ló wí?” Bí wọ́n bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀, Màmá yóò rọra dìde, wọn a ní oorun ń kun àwọn, wọn a sì wọ yàrá lọ. A ti ń tu owó jọ láti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí.

Ohun kan ni kò bá ara mu. Màmá ń gbọ́ ìròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń gbọ́ fóònù. Fíìmù nìkan ni wọn kì í gbọ́. Ó yẹ kí èyí ti là wá lójú.

Hóòmù tíátà tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, èyí tí wọ́n ń pè ní 5.1, spíkà mẹ́fà ló ní. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún níwájú, ọ̀kan lápá òsì; méjì wà fún ẹ̀yìn; ọ̀kan wà láàárín, nítòsí tẹlifíṣọ̀n. Ìkẹfà ni súbúwúfà tó ń gbé ohùn tó rinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí tó ń mi ilẹ̀ yìí ni olórí wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe ohùn rẹ̀ ní 5.1, spíkà àárín ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Bí ó bá kú, orin yóò máa dún, òjò yóò máa rọ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni kò ní yé ènìyàn. Ìròyìn ní tirẹ̀, ohùn ọ̀nà méjì ni dẹ́kódà wa fi ń gbé e wá, ọ̀tún àti òsì sì ń sọ ọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń gbọ́ ọ. Àwa tí a sọ pé etí wa pé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù ni a ń kà! Ojú Màmá kò lè rí i kà mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a tẹ ibi tí wọ́n kọ “test tone” sí lára rìmóòtù. Ariwo kan bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù yóò máa lọ láti inú spíkà kan sí òmíràn. Ti òsì dún. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ti ọ̀tún dún. Màmá tí wọ́n jókòó sórí àga wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Èyí tó wà láàárín yẹn kò fọhùn o.”

Ojú tì wá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni spíkà náà wà, lẹ́yìn òdòdó oníke. Wáyà rẹ̀ ti já, bóyá nígbà tí a ń nu eruku ọyẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ tún tiyín ṣe, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì yọ ọ́ lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí fọ́nrán kan ṣoṣo bá ti ara pupa kan dúdú, ẹ̀rọ lè pa ara rẹ̀ tàbí kí ó jóná. Bí ẹ bá sì gbé wáyà spíkà iwájú kan sódì, bí ọ̀kan ti ń tì síwájú ni èkejì yóò máa fà sẹ́yìn, ohùn tó rinlẹ̀ yóò sì dín kù. Bí àwọ̀ wáyà bá rú yín lójú, ẹ tú spíkà kúrò lára ẹ̀rọ, kí ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan kàn án fẹ́ẹ́: orí bátìrì sí pupa, ìdí rẹ̀ sí dúdú. Bí awọ inú spíkà bá tì síta, ó tọ̀nà.

Ní ti ibi tí ẹ óò gbé wọn sí, páálọ̀ wa kì í ṣe sinimá. Ara ògiri ni gbogbo àga wà yíká. Ẹ yan àga kan. Ti Màmá ni àwa yàn. Ẹ jẹ́ kí àlàfo àárín spíkà iwájú méjèèjì tó bí ibi tí ẹni náà jókòó ti jìnnà sí wọn. Ẹ yọ ti àárín jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ó kọjú sí etí rẹ̀. Ẹ fa súbúwúfà kúrò ní kọ̀rọ̀ bí ó bá ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tínì tó nípọn tún ń ṣèrànwọ́, nítorí ilẹ̀ táìlì àti ògiri lásán máa ń dá ohùn padà.

Bí spíkà ẹ̀yìn bá dákẹ́, ẹ má tíì pe oníṣẹ́. Fíìmù àtijọ́ tí wọ́n dà láti inú kásẹ́ẹ̀tì, ohùn ọ̀nà méjì péré ló ní. Kò sí ohun tí ti ẹ̀yìn fẹ́ sọ. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn bí oyin, ẹ tú wáyà díìṣì lẹ́yìn dẹ́kódà wò. Bí kíkùn náà bá dúró, ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta tó gùn lára púlọ́ọ̀gì, bí àwọn kan ti máa ń gbani nímọ̀ràn. Òun ló ń dáàbò bo ẹ̀mí yín.

A ṣì gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ọjọ́ orí wọn. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n wo fíìmù parí. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n yíjú sí wa: “Ẹ dín in kù díẹ̀, ariwo yín ti pọ̀ jù.”