Ẹ Yọ Obìnrin Kúrò Nínú Ẹ̀wọ̀n Ọdún 7

Kò sí afárá tó wọ Snake Island, erékùṣù kan ní Èkó, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin lóru, ọkọ̀ ojú omi ni yóò kọ́kọ́ gbé e sọdá sí Àpápá, kó tó di pé a ń wá mọ́tò tí yóò gbé e dé ọsibítù. Síbẹ̀, ẹ̀rù ọlọ́pàá ń dá àwọn obìnrin dúró ju omi lọ.

Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára ọmọ náà. Kí n tó fọwọ́ kàn án ni ìyá ti kúnlẹ̀: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má pe ọlọ́pàá, mà." Ara ọmọ ti ń tutù. Mo ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè." Mi ò bi wọ́n léèrè ohun tó lò. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n gbogbo òru yẹn ni wọ́n fi jókòó nílé nítorí ìbẹ̀rù.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù wà nínú ìwé. Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó, abala 228 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dúró de ẹni tó bá bá obìnrin ṣẹ́yún. Abala 229 fi ọdún 7 dúró de obìnrin náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ọdún 7 yẹn kò kúrò níbẹ̀. Òfin náà tilẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ pé obìnrin náà lóyún tàbí kò lóyún. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kàn pẹ́, tí àyà rẹ̀ já, tó lọ gbé oògùn mì, ọ̀daràn ni, bí kò tilẹ̀ sí oyún kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí agbẹ̀bí mọ̀. Bí oyún bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò dà, inú yóò sì run. Bí obìnrin bá fi misoprostol, oògùn tí àjọ NAFDAC fọwọ́ sí ní 2006 fún dídá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, ṣẹ́yún, ẹ̀jẹ̀ yóò dà, inú yóò sì run. Mi ò lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀, ìtọ́jú kan náà ni mo sì ń fún àwọn méjèèjì. Bí ìjọba bá wá ní kí n máa ṣọ́ ẹni tó ṣẹ́yún, obìnrin tó ń sunkún ọmọ tó ti ń retí láti ọdún pípẹ́ ni mo máa fura sí pẹ̀lú rẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún àlùfáà àti ìmáàmù tó ń wàásù lòdì sí ìṣẹ́yún. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí àjọ Guttmacher fojú bù ú pé ìṣẹ́yún tó wáyé ní Nàìjíríà ní 2012 tó mílíọ̀nù 1.25, òfin yìí sì wà nílẹ̀ nígbà náà; kò dá a dúró.

Ní Okudù 2022, ilé iṣẹ́ ètò ìlera Èkó tẹ ìtọ́sọ́nà olójú ewé 40 jáde fún àwọn dókítà, lórí ìgbà tí òfin ti gbà wọ́n láyè tẹ́lẹ̀ láti ṣẹ́yún kí wọ́n lè gba ẹ̀mí ìyá là. Ariwo sọ. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Keje, Gómìnà Sanwó-Olú dá a dúró. Lọ́dún tó ṣáájú, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa, ti yí òfin ìṣẹ́yún tirẹ̀ padà láti túbọ̀ gba obìnrin láyè. Ní Okudù 2025, ilé aṣòfin kékeré ní London dìbò 379 sí 137 pé kí wọ́n má fìyà jẹ obìnrin mọ́ nítorí oyún tirẹ̀, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Àwọn tó kó òfin náà wá fún wa nìyẹn.

Èkó kò ní láti dúró de Àbújá. Ohun tí mò ń bẹ àwọn aṣòfin Èkó ní Aláùsá fún ni pé kí wọ́n yọ obìnrin náà kúrò nínú àwọn tí òfin ń jù sẹ́wọ̀n, kí ìjìyà wà fún ẹni tó fipá ṣẹ́yún fún un tàbí tó fi irin ìdọ̀tí ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fa aláìsàn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.