Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ so íntánẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀ nílé, ẹ gbọ́ o!

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe ségesège, tí ọ̀gá ń retí iṣẹ́, tí fídíò sì ń yí bìrìbìrì lójú kan, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó ni kí wọ́n ra òmíì kún un. Wọ́n á ní mẹ́gábíìtì 10 tàwọn ti ń gbà, bí 10 mìíràn bá kún un, ó di 20 nìyẹn. Ìṣirò náà dùn létí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí.

Lóòótọ́, rọ́tà tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì méjì wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹrù ló ń pín. Dánfó méjì tó ń ná Òṣòdì ni kẹ́ ẹ fi wé. Bí èrò bá pọ̀, àwọn kan á wọ èyí, àwọn tó kù á wọ tọ̀hún, kíá ni wọ́n á dé. Bó bá wá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ẹ́ lọ ńkọ́? Ta ló lè jókòó sínú dánfó méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì kan tẹ́ ẹ bá ń fà wálẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbà. Ilé tí ọkọ ti ń ṣèpàdé lórí Zoom, tí ìyàwó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, táwọn ọmọ sì ń wo YouTube, àwọn yẹn ló máa jẹ̀gbádùn ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí méjèèjì di ọ̀kan gan-an, àfi kó lo ètò bíi Speedify. Yóò gé dátà sí wẹ́wẹ́, yóò gba ọ̀nà méjèèjì rán an, kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà níbòmíì á sì tò ó pọ̀. Síbẹ̀, ó ṣòro kí 10 méjì pé 20 géérégé.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan, báńkì pàápàá ò ríṣẹ́ ṣe dáadáa ní Nàìjíríà. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ méjèèjì gbára lé àwọn okùn yẹn, òfo ló já sí fún un. Okùn Glo-1 ò sí lára àwọn tó bà jẹ́.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ìkejì, ẹ béèrè okùn tó ń gbà àti òpó tó ń lò ládùúgbò. Ẹ má sì gbàgbé iná: bí NEPA bá mú un lọ, tí kò sí ínfátà, rọ́tà tó ń gba méjì náà á kú ni.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà méjèèjì bá gba orí afárá kan náà, tí afárá ọ̀hún já, ta ni yóò dé ọjà?