Ilé-iṣẹ́ tí ó ti inú wàrà jáde: ìtàn Alfa Laval

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe epo pupa, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá se ẹyìn tán, tí ẹ gún un, tí ẹ da omi sí i, kí ni ẹ ń dúró dè? Ẹ ń dúró kí epo léfòó, kí ẹ lè bù ú kúrò lórí omi, kí ẹ tún gbé e ka iná. Kí nǹkan olómi ṣàn, kí ó pínyà, kí ooru wọ̀ ọ́: iṣẹ́ mẹ́ta yìí náà ni ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Swídìn, lókè òkun lọ́hùn-ún, fi di ńlá. Alfa Laval ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Gustaf de Laval. Ọdún 1845 ni wọ́n bí i, ní ìlú Orsa. Ó kàwé gan-an, ó gba oyè dókítà ní yunifásítì Uppsala. Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń sin màlúù ní Swídìn máa ń da wàrà sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ọ̀rá rẹ̀ tó léfòó, kí wọ́n tó bù ú fi ṣe bọ́tà. Bí ojú ọjọ́ bá móoru, wàrà á ti kan kí ọ̀rá tó jáde. Òfò nìyẹn. Ará Jámánì kan, Wilhelm Lefeldt, ti ṣe ẹ̀rọ tó ń fi wàrà yí òòyì kí ọ̀rá lè tètè yọ, àmọ́ wọ́n ní láti dá a dúró, kí wọ́n kó ti inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó da òmíràn sí i. Ti De Laval, tó jáde ní 1878, kì í dúró. Wàrà ń wọlé, ọ̀rá ń gba ọ̀nà tirẹ̀ jáde, èyí tó kù ń gba ọ̀nà mìíràn. Lítà 130 ló ń ṣe ní wákàtí kan.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ rántí agbòjò tí òjò ti pa. Bí ọmọdé bá fi í yí òòyì, ẹ ó rí i tí omi ń fò lọ sí etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ẹ̀rọ yìí: ohun tó wúwo á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, ohun tó fúyẹ́ á dúró láàrin. Ọ̀rá fúyẹ́ ju omi lọ, àárín ni ó ń wà.

Ní 1883, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oscar Lamm dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní AB Separator. Ní 1889 wọ́n ra ìmọ̀ ará Jámánì mìíràn, Clemens von Bechtolsheim: irin pẹlẹbẹ tó rí bí àwo, tí wọ́n tò léra nínú ẹ̀rọ náà, àlàfo díẹ̀díẹ̀ láàrin wọn. Ọ̀rá kò ní rìn jìnnà mọ́ kó tó yọ. “Alfa” ni wọ́n ń pe àwọn àwo yìí, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1963 ni ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tó máa jẹ́ Alfa-Laval.

De Laval ńkọ́? Ọkùnrin náà kì í simi. Ẹ̀rọ kan kò ní tíì gún régé kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, owó tí ẹ̀rọ wàrà ń mú wọlé ni ó ń ná sí wọn. Ó kú ní 1913, kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ ń lówó, ẹni tó dá a sílẹ̀ kò ní.

Ní 1938 ni wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń gbé ooru wọ nǹkan olómi jáde. Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀ o. Richard Seligman ti ilé-iṣẹ́ APV ní London ti ṣe irú rẹ̀ ní 1923. Ẹ fojú inú wo páànù tín-ín-rín púpọ̀, oníkọ́rọkọ̀rọ bíi ti òrùlé, tí wọ́n tò pọ̀. Omi gbígbóná ń kọjá ní ojú kan páànù, wàrà tútù ń kọjá ní ojú kejì. Wọn kò pàdé, àmọ́ ooru ń là á kọjá. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé wàrà tó ti gbóná tán, tó ń jáde lọ, ni wọ́n fi ń mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé gbóná. Ohun ìdáná tí wọ́n ń lò dín kù púpọ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yìí ń yọ epo pupa nínú omi ní àwọn ilé epo ńláńlá bíi ti Malaysia.

Kí ló kàn wá nínú ooru wàrà yìí? Wàrà màlúù tí kò kan iná lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ ara ènìyàn. Ó tún lè gbé ibà kan tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀, tó wá láti ara màlúù tí oyún ń bàjẹ́ lára wọn. Ní ilé-iṣẹ́, wọ́n á mú wàrà dé ìwọ̀n ooru 72, ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré, wọ́n á sì mú un tutù kíákíá. Àwa kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru nílé, nítorí náà ẹ jẹ́ kó hó dáadáa. Wàrà líle tí àwọn ìyá Fúlàní fi bòmubòmu sè ti kan iná. Wàrà tútù tí wọ́n ń bù nínú igbá lè máà tíì kan án rárá, kíkan tó kan kò sì tó láti pa àìsàn inú rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á. Bí kò bá tíì sè é, ẹ gbé e ka iná, ẹ máa rò ó títí yóò fi ru sókè, kí ẹ bò ó, kí ẹ gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi tútù kó tó di mímu fún àwọn ọmọ.