Onílé Gogoro

J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014). Fọ́tò dúdú-òun-funfun, 1975.

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni: bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ Ìpínlẹ̀ Ẹdó yìí, tí ó fi Èkó ṣe ibùjókòó, ṣe bá àwọn obìnrin wa rí irun tí onídìrí ń fi òwú kó, tí a sì ń tú láìpẹ́ ọjọ́, tí ó ń fi fíìmù gbà á sílẹ̀ láti ọdún 1968, títí àwòrán náà fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ó mú ẹ̀yìn àwòrán ṣófo, kò sì sí àwọ̀ mèremère tí yóò gba ojú wa lọ́wọ́ dídán òwú. Ẹ má wá ojú ẹni tó ni orí níbẹ̀. Iṣẹ́ onídìrí ni kí ẹ wò, nítorí òun náà ló ni ìdajì ògo yìí.