Ohun Àjùmọ̀ní àti Ohun Ẹnì Kọ̀ọ̀kan Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Nínú agboolé, olúkúlùkù ni ó ní yàrá àti àpótí tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú kànga kan náà ni gbogbo wọn ti ń pọnmi. Ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ní láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín yàrá àti kànga, nítorí pé bí ó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ìṣirò gbogbo ilé iṣẹ́ lè dàrú.

Orílẹ̀-èdè Norway ni Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ti ṣe Simula 67, èdè kọ̀ǹpútà tí ó la ọ̀nà fún irú ìkọ̀wé yìí. Nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, a kọ́kọ́ ń ṣe àwòṣe kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní class. Láti ara àwòṣe náà ni kọ̀ǹpútà ti ń dá àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní object, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi àpótí ìmọ-bíríkì kan ṣoṣo mọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún bíríkì.

Kí a mú báńkì ṣe àpẹẹrẹ. Nínú àwòṣe àkáǹtì, àyè wà fún orúkọ oníbàárà àti iye owó rẹ̀. Ti Òjó yàtọ̀ sí ti Àìná. Ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni èlé tí báńkì ń san fún gbogbo wọn. Bí báńkì bá fẹ́ sọ èlé orí 100 náírà di náírà 4 dípò 3, iṣẹ́ àṣedànù ni kí a máa tún un kọ nínú àkáǹtì 10,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èdè Java, tí ó jáde ní ọdún 1995, ọ̀rọ̀ kan, static, ni a ó kọ síwájú àyè èlé náà. Nígbà náà, àyè kan ṣoṣo ni yóò wà, ti àwòṣe ni yóò sì jẹ́, kì í ṣe ti ẹ̀dá kankan. Bí a bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àkáǹtì ni yóò rí i.

Ibi tí àǹfààní náà wà ni ewu rẹ̀ wà. Bí a bá ṣèèṣì kọ static síwájú iye owó, tí Òjó fi 20,000 náírà ṣí àkáǹtì, tí Àìná sì fi 500 ṣí tirẹ̀ lẹ́yìn náà, 500 ni kọ̀ǹpútà yóò pè nígbà tí Òjó bá béèrè owó rẹ̀. Olè kò wọlé, ẹ̀rọ kò sì ní kígbe, nítorí pé àṣẹ tí a pa fún un gan-an ni ó tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ static fúnra rẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ mọ́ ohun tí ó dúró sójú kan. Síbẹ̀, iye tí ó wà nínú àyè náà lè yí padà nígbàkúùgbà, àfi bí a bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn, final, kún un.

Iṣẹ́ tí a ń rán kọ̀ǹpútà pẹ̀lú lè jẹ́ ti àwòṣe. Ẹni tí ó fẹ́ mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú 7 àti 12 kò ní láti dá ẹ̀dá kankan; Math.max ti Java yóò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹ̀dá kan yàtọ̀ sí òmíràn. Bí a bá ní kí ó sọ iye owó tí ó wà nínú àkáǹtì, ìbéèrè tí ó kù ni pé, àkáǹtì ta ni? Java yóò kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, àfi bí a bá gbé àkáǹtì náà lé e lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí main, ẹnu ọ̀nà tí ètò Java ń gbà bẹ̀rẹ̀, fi ní láti jẹ́ static fún ọ̀pọ̀ ọdún: ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò, a kò tí ì dá ẹ̀dá kankan tí a lè rán níṣẹ́. Ìgbà tí Java 25 jáde ní ọdún 2025 ni èyí kò pọn dandan mọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ static, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí èyí bá yí padà fún ẹnì kan, ṣé ó yẹ kí ó yí padà fún gbogbo wọn? Bí ó bá yẹ, kànga ni. Bí kò bá yẹ, kí ó fi í sílẹ̀ nínú yàrá ẹni tí ó ni ín.