Owó tó ń di ìlọ́po méjì lórí fóònù: àpò ta ló ti ń jáde?

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ẹ fi ₦50,000 sínú ápù kan tó ní òun á máa sọ owó yín di ìlọ́po méjì lóṣooṣù. Ẹ ò fọwọ́ kàn án, ẹ kàn ń wò ó. Lẹ́yìn oṣù 12, ó ti di ₦204,800,000. Lẹ́yìn oṣù 24, ó ti lé ní ₦838 bílíọ̀nù. Nígbà yẹn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ń ta ilé láti 1st Avenue dé 7th Avenue ní Festac.

Gbogbo wa mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fi oṣù kan péré hàn wá, tí ₦50,000 di ₦100,000, ó máa ń jọ ohun tó ṣeé ṣe. Oṣù kan yẹn ni wọ́n fi ń mú èèyàn.

Festac ni mò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má fi lìǹkì "bísínẹ́ẹ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì" ránṣẹ́ sí mi. Òótọ́ wà nínú wọn, irọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ìrírí tí yóò fi mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ó lè béèrè ìbéèrè kan: owó tí wọ́n ní àwọn á san fún mi yìí, àpò ta ni yóò ti jáde?

Àjọ àti ọjà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa. Èèyàn 12 ń dá àjọ ₦10,000 lóṣù. Lóṣooṣù, ẹnìkan á kó ₦120,000. Nígbà tí ọdún bá fi máa parí, oníkálukú ti dá ₦120,000, ó sì ti kó ₦120,000. Owó kì í bímọ nínú àjọ. Iye tó wọlé ni iye tó jáde. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kó ju ohun tó dá lọ, tí wọn ò sì ta nǹkankan, á jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò kó èyí tó dín.

Ọjà yàtọ̀. Ká ní ẹ ra ía-písì ní Alaba ní ₦3,000, ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, ẹnìkan ní Satellite Town sì rà á ní ₦4,500, tó tún san owó ọlọ́kadà tó gbé e lọ. Ẹ yọ owó dátà àtàwọn ìnáwó kéékèèké kúrò, ó ṣeé ṣe kí ₦1,000 ṣẹ́kù. Àpò ta ló ti jáde? Àpò oníbàárà tó ń wá ía-písì, tó sì rí i gbà. Bákan náà ni ti ẹni tó ń ṣe fídíò fún ilé ìjọsìn, tàbí tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò lórí Zoom. Èrè rẹ̀ kéré, kì í sì í yára, ṣùgbọ́n a lè nàka sí ẹni tó san án.

Nígbà tí èrò bá tán ládùúgbò

Ọ̀nà kẹta wà, níbi tí wọ́n ti ń fi owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé san èrè ẹni tó ti wà níbẹ̀. Orúkọ Charles Ponzi ni wọ́n fi ń pè é. Ní Boston, lọ́dún 1920, ọkùnrin náà ṣèlérí èrè 50% láàárín ọjọ́ 45. Ó ní òwò kúpọ́ọ̀nù ilé ìfìwéránṣẹ́ lòun ń ṣe, àmọ́ owó àwọn tó ń dé lẹ́yìn ló fi ń san ti àwọn tó ṣáájú.

Ẹ wò ó bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Oríṣi tó ń ṣèlérí ìlọ́po méjì lóṣù ni ká lò, ká sì ní oníṣẹ́ rẹ̀ kò jí kọ́bọ̀ kan. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó lè gba owó rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, èèyàn 2 gbọ́dọ̀ wọlé lóṣù kìíní. Kí àwọn 2 yẹn tó gba tiwọn, 4 gbọ́dọ̀ wọlé lóṣù kejì. Lẹ́yìn náà 8, 16, 32.

Gẹ́gẹ́ bí ètò ìkànìyàn 2006 ṣe sọ, àwa tí à ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin lé díẹ̀ ní 318,000, tàgbà tọmọ ọwọ́. Tó bá fi máa di oṣù 17, èèyàn 262,143 ti wọlé. Oṣù 18 ń béèrè 262,144 mìíràn. Àwọn tó ṣẹ́kù kò tó 60,000. Èrò tán nìyẹn. Ẹ lè sọ pé a ti pọ̀ sí i láti 2006. Ó dáa, ẹ sọ wá di ìlọ́po méjì: oṣù kan ṣoṣo ló fi kún un. Kódà bí gbogbo èèyàn ayé, tó lé ní bílíọ̀nù 8, bá wọlé, kò ní kọjá oṣù 32.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìṣirò yìí nìyí. Ká ní ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọ̀wọ́ oṣù 17 ti sanwó. Wọ́n jẹ́ 131,072. Gbogbo àwọn tó ṣáájú wọn, látorí ẹni àkọ́kọ́, jẹ́ 131,071. Oṣù yòówù kó dáwọ́ dúró, àwọn tó pàdánù á máa ju ìdajì gbogbo àwọn tó wọlé lọ. Wọn ò sì pàdánù nítorí pé wọn ò gbọ́n. Wọ́n kàn dé gbẹ̀yìn ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa nǹkan ló sì sábà máa ń dé gbẹ̀yìn.

Àbúrò kan ládùúgbò wa, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, wá bá mi pẹ̀lú ₦150,000 tó ti ń tọ́jú fún ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi ti gbowó lẹ́ẹ̀mejì o. Mo fojú ara mi rí álẹ́ẹ̀tì báńkì rẹ̀."

"Kò purọ́," mo dá a lóhùn. "Àmọ́ ta ló san án?"

Ó dákẹ́. Mo mú bírò, a sì jọ ka 2, 4, 8 náà títí a fi dé 262,144.

Owó tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà kì í ṣe ẹ̀rí pé òwò wà níbẹ̀. Ó rọrùn láti san án nígbà tí ọ̀wọ́ ṣì kéré, òun náà ló sì ń fa ọ̀wọ́ tó kàn wọlé.

A ti rí i rí

MMM, tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, wọ Nàìjíríà ní 2015 pẹ̀lú ìlérí 30% lóṣù. Bí owó bá ń gun orí owó bẹ́ẹ̀, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí gbogbo èèyàn ń múra Kérésì, wọ́n ti owó pa.

Ní oṣù Kẹrin 2025, CBEX, tó ṣèlérí 100% láàárín ọjọ́ 30, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí owó kò jáde mọ́, wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ san $100 tàbí $200 kí wọ́n lè yẹ àkáǹtì wọn wò.

Ó yẹ kí àwa ará Festac dá ọgbọ́n yẹn mọ̀. Ní 2005, ìwé ìròyìn Los Angeles Times kọ̀wé nípa Festac gan-an, nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó sí sáíbà kàfé tí wọ́n ń kọ lẹ́tà jìbìtì sáwọn òyìnbó. "Kọ́kọ́ san díẹ̀, kí o lè gba púpọ̀" ni gbogbo lẹ́tà wọn. Abala 419 nínú ìwé òfin wa ló fún un lórúkọ. Ọgbọ́n kan náà ló wá wọ aṣọ ápù yìí.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Ẹ béèrè pé: ta ni oníbàárà, kí ló sì ń rà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ìwọ ṣáà mú èèyàn wá," èrò ni wọ́n ń tà.

Ẹ wo iye èrè. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5%. Fún odidi ọdún kan nìyẹn o. Ẹni tó ń ṣèlérí 30% lóṣù gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó mọ̀ tí báńkì kò mọ̀, àti ìdí tó fi nílò ₦50,000 yín.

Ẹ má jẹ́ kí ìwé CAC tàn yín. Ó kàn ń sọ pé wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Àjọ SEC ló ń fúnni láṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú, orúkọ àwọn tó ní àṣẹ sì wà lórí ìkànnì wọn. Òfin tuntun tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2025 ti sọ irú ètò Ponzi yìí di ohun tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10.

Bí wọ́n bá ń ta kọ́ọ̀sì "bí wọ́n ṣe ń di olówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì" fún yín, ẹ ní kí olùkọ́ náà fi oníbàárà rẹ̀ tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ hàn yín.

Bí gbogbo ìdáhùn bá sì dára, ẹ fi iye tí ẹ lè pàdánù láìpa ebi mọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ẹ ta ẹyọ kan kí ẹ tó ra mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní ètò náà á parí lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó parí. Ẹni tó ń wá ía-períìsì lónìí, á tún máa wá a lọ́la.